Aládùúgbò Mi Ń Kó Ẹrù

Nag Rayan,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Rifaat ọmọ mi, àkọ́bí Bakhit,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ, mo kí àtẹ̀gùn gíga tó wà nílé rẹ tó sọ orúnkún mi dà báyìí nígbà tí mo wá. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàrin àwọn mọ́tò Kairo tí kì í dúró wo ojú ènìyàn máa ṣọ́ ọ lọ, kó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo, kó má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ rí àléébù rẹ, kódà bó bá wà níbẹ̀. Ara wa le níbí. Màlúù wa le, àwọn pẹ́pẹ́yẹ le, ilé kò tíì wó. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fọgbọ́n sọ fún un pé tíì tó ń fún mi nígbà yẹn, ṣúgà rẹ̀ kò tó rárá, mo kàn ń fi ojú rere mu ún ni.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé lẹ́tà lo gbà, kò sẹ́ni tó kú. Ibtihal ni, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwa ìyá àgbà ní ìwé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, òun ló ní kí kálukú wa kọ lẹ́tà gidi, tí wọ́n fi báírò kọ, sí ẹnì kan tó wà lókèèrè. Nagat, ìyàwó Shazli aládùúgbò wa, kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Aswan, ìlà mẹ́ta ló kọ tó ti ń làágùn, ọ̀kan nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Èmi kì í mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, o mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìwé kà, kò sí ohun tó ní lẹ́tà lára tó lè gba iwájú mi kọjá: páálí ọṣẹ, ẹ̀yìn mọ́tò, àpò ajílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà sókè, àwọn ènìyàn sì ti ń sá fún mi díẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí o fi rán awakọ̀ sí mi. Mo gbà wọ́n, ọ̀kankan kò fọ́. Ohun dúdú bí ọṣẹ tí o fi sílẹ̀ nígbà Iléyá, tí o ní o ti da gbogbo fídíò àtijọ́ ilé wa sínú rẹ̀, ṣì wà níbi tí o gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí oníwo tó ń mú nẹ́ẹ̀tì wá, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. O ní tẹlifíṣọ̀n wa ti dàgbà jù láti bá ọṣẹ yẹn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, pé alárinà ló nílò, ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa gba àwòrán lọ́wọ́ ọṣẹ tí yóò sì máa gbé e fún tẹlifíṣọ̀n. O ní kí n dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kí n mú èyí tí àwòrán kò bá ti ń dákú lọ́wọ́ rẹ̀, kí n dá méjì tó kù padà kí oníṣọ́ọ̀bù tó yí ohùn padà. Mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe máa ń yẹ màlúù wò lọ́jà, mo gbé wọn wò bóyá wọ́n wúwo, mo fọwọ́ pa wọ́n níkùn, mo yí wọn padà mo wo ìdí wọn.

O mọ ohun tí mò ń wá nínú ọṣẹ yẹn. Fídíò ìgbéyàwó Kawthar àbúrò rẹ ni. Ìwọ wà nínú iṣẹ́ ológun nígbà náà, wọn ò fún ọ láyè kí o wá, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àwọn ọkùnrin wà nínú àgọ́ lójú ọ̀nà, àwa obìnrin wà lókè òrùlé, onífídíò sì jókòó ti àwọn ọkùnrin nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹran wà. Ó dé àkókò kan, wọ́n ní kí bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀, bàbá rẹ dìde, ó sì sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkùnrin abúlé yìí ló gbọ́ ọ, títí kan àwọn tó ti sùn. Èmi tí mo bí ọmọ tó ń relé ọkọ nìkan ni mi ò gbọ́. Mo bi bàbá rẹ léèrè nígbà tó wà láyé, ó ní òun ò rántí, ó ní kí n bu omi wá. Mo bi Shazli tó jókòó tì í níjọ́ náà, ó ní ọ̀rọ̀ tó dára gan-an ni, ó kàn jẹ́ pé òun ò rántí ohun tó dára nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú àpótí aṣọ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó sì ti bàjẹ́ kí bàbá rẹ tó kú. Rifaat, ó wù mí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, ilé yìí dákẹ́ jù, rédíò ni mo máa ń tàn kí n lè rí ẹni bá ṣe àríyànjiyàn. Ìyẹn ni mo ṣe fi gbogbo ara dán àwọn ẹ̀rọ rẹ wò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú ni èyí tó rí bí ìka, tí wọ́n ń kì bọ ìdí tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò gba àyè, kò sì béèrè nǹkan púpọ̀. Dawlat àbúrò bàbá rẹ wá jókòó tì mí pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀, a sì tan fídíò. Àgọ́ yọ, iná yọ, àwọn ọkùnrin yọ pẹ̀lú irun dúdú, bàbá rẹ jókòó láàrin wọn bí ẹni pé kò kú rí. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tún láwàní rẹ̀ ṣe, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló là sílẹ̀ tí kò pa á dé. Òrùka kékeré kan wá ń yí lójú rẹ̀ bí màlúù tó ń fa omi yí kànga po.

Lábẹ́ òrùka náà, wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Dawlat kò mọ̀wé, èmi ni mo sún mọ́ ọn tí mo fi ìka tẹ̀lé e ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí Ibtihal ṣe kọ́ wa. Jaari at-tahmiil ni wọ́n kọ. Ta ni kò mọ jaari nínú èdè Lárúbáwá wa? Aládùúgbò mi ni. Tahmiil sì ni kíkó ẹrù sọ́kọ̀. Aládùúgbò mi ń kó ẹrù. Mo kà á tán, mo ní kí Dawlat dá ẹ̀pà jíjẹ dúró, mo ṣílẹ̀kùn, mo yọjú síta, àfi Shazli pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ géńdé lẹ́bàá ògiri wa, wọ́n ń kó ìrèké sínú ọkọ̀ tí kátakátá ń fà. Rifaat, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀rọ tí kò ju ìka lọ, nínú yàrá, láìní ojú, ó mọ̀ pé aládùúgbò mi ń kó ẹrù. Ó sì ní ìwà débi pé ó ń dúró dè é kó parí, kí ariwo má bàa bo ohùn bàbá rẹ mọ́lẹ̀.

Àwa náà dúró. Ìrèké pọ̀, àwọn ọmọ Shazli kì í sì yára, bí wọ́n bá ju ìdì kan sókè wọ́n á sinmi lórí rẹ̀, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀pà Dawlat tán. Mo bá lọ bá Shazli pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́ sinmi díẹ̀ kí ọkọ mi lè sọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀run, ó bi mí bóyá oòrùn ti pa mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní Ìyá Rifaat, ìrèké tí a gé ti ń gbẹ, bó bá gbẹ á fúyẹ́, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń sanwó nílé iṣẹ́ ṣúgà, àbí tẹlifíṣọ̀n tiyín ni yóò fi kún un. Mo ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ní kí wọ́n fi fóònù sápò, kí wọ́n má fojú di ilé Bakhit. Wọn ò tíì jókòó tán tí bàbá rẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí mira. Ṣé o rí i báyìí? Aládùúgbò dáwọ́ dúró, àwòrán ń lọ. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ni Shazli rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú irun dúdú àti gbogbo eyín rẹ̀, ló bá figbe ta pé ẹ wò mí, ẹ wo bí mo ṣe rí, àwọn ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ohùn bàbá rẹ sì gba àárín wọn kọjá lọ. Kí n tó rí bọ́tìnnì tó ń dá a padà sẹ́yìn, wọ́n ti padà sídìí ìrèké, fóònù ti jáde lápò, òrùka ti ń yí, aládùúgbò mi sì ti ń kó ẹrù.

Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ bá a, ohùn mi kò sì jẹ́jẹ́ tó tàná. Mo ní kó kó ìrèké rẹ̀ lọ sí etí odò, kó máa kó o níbẹ̀. Ó ní láti ìgbà wo ni tẹlifíṣọ̀n ti ń pàṣẹ fún ọmọ bíbí Nag Rayan. Ó ní ìdádúró àná ti jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin ìrèké fi òun sílẹ̀, pé bí mo bá tún fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dá òun lọ́nà, ẹ̀rọ náà ni òun máa dì mọ́ ìrèké. Èmi náà sọ díẹ̀. O mọ̀ pé díẹ̀ tèmi kì í kéré. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Nagat dá àwo mi padà. Lófìfo. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sílé yìí, àwo kò rìn lófìfo láàrin ilé wa méjèèjì rí, bí kò sí nǹkan kan rárá a máa ń fi alùbọ́sà kan sínú rẹ̀. Mo gbé àwo náà sórí tábìlì, mo ń wò ó, kò dùn mọ́ mi nínú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé kíláàsì. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, jaari at-tahmiil, mo ní kí Ibtihal bá wa dá sí i. Ibtihal rẹ́rìn-ín, ó ní jaari yìí kì í ṣe aládùúgbò, pé jaari mìíràn ni, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ń sáré, nǹkan ń lọ lọ́wọ́, pé àwòrán ni ẹ̀rọ ń kó bọ̀. Mo ní ṣé ó ń sáré? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé tó fi dúró nígbà náà? Gbogbo kíláàsì pariwo. Ibtihal tún wo pátákó, ó pa á rẹ́, ó ní kí a ṣí ìwé wa sí ojú ìwé tó kàn. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò tíì ní aládùúgbò.

Mo yọ ìka kúrò, mo ki èyí kejì bọ̀ ọ́, èyí tó rí roboto bíi búrẹ́dì wa tí a ń fi sójú oòrùn kó wú. Rifaat, èyí gbọ́n ju bó ti yẹ lọ. Kò tíì fi àwòrán kan hàn mí tó fi béèrè ta ló ń wòran. Mo dá a lóhùn pé èmi Ìyá Rifaat ni, àti Dawlat, mo sì kí i. Kò dáhùn, ó kàn kó orí bíi mélòó kan síwájú mi pé kí n mú ojú tó jẹ́ tèmi. Kò sí ìkankan tó jọ mí níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ wé gèlè, mo bá mú ojú ológbò. Nígbà tó yá Dawlat húkọ́, ẹ̀rọ náà sì dá a lóhùn, ó ṣí ìran àwọn tó ń gun òkè yìnyín fún wa. A kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn. Ìgbà tí mo wá padà rí bàbá rẹ, ó dìde, ó tún láwàní ṣe, ó la ẹnu, òrùka dé, aládùúgbò mi ń kó ẹrù. Mo sáré síta. Kò sí Shazli, ó wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló jókòó lórí ìrèké tí wọ́n ń tẹ fóònù, ọwọ́ wọn kò kan ẹrù kankan. Mo wo apá kejì, mo rí opó tó ń tọ́jú àdàbà, ó gbé agbọ̀n aṣọ tó fọ̀ lọ sórí òrùlé. Ó jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣọ́ Shazli nìkan, gbogbo àdúgbò ló ń ṣọ́. Mo fi aṣọ ìnujú bò ó mọ́lẹ̀ kó má lọ sọ tiwa fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, mi ò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Mo rí i nínú àwòrán tó wà lára rẹ̀ pé wáyà ni wọ́n fi ń so ó mọ́ àpótí oníwo. Mo ní ohun tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ó ní ohun tó ṣe ṣáájú. Àwọn méjì yòókù wà lómìnira, wọ́n sì wà níbẹ̀ láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó, mo sì rò pé mo rò ó dáadáa.

Ìgbà náà lo pè mí lórí fóònù, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ. O ní kì í ṣe ìrèké Shazli ló ń dá bàbá rẹ lẹ́nu dúró, o ní àwọn fóònù ló ń mu nẹ́ẹ̀tì wa, o wá bi mí pé ta ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i. Mo ní gbogbo ènìyàn. O ní báwo ni gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri lókè àmù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, Ibtihal gan-an yìn mí pé kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. O pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. O ní kí n pa á rẹ́, pé o máa yí i padà láti Kairo. Mo ní o kò ní yí nǹkan kan padà. Rifaat, bàbá rẹ ló gbé àmù yẹn síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi sí i láàárọ̀, ẹni tó bá ń kọjá kì í kan ilẹ̀kùn kó tó mu, a kì í sì bi í pé ọmọ ta ni. Nẹ́ẹ̀tì náà ń gba ilé mi kọjá. Ojú wo ni màá fi gbé omi síta fún ènìyàn kí n wá ti èyí mọ́lé? O ní omi yàtọ̀. Mo ní kí o sọ ìyẹn fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

O wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá rẹ gan-an, èyí tó máa ń ti imú bẹ̀rẹ̀. O bi mí pé ẹ̀kẹta dà. O ní gbogbo ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́ẹ̀tì gba inú afẹ́fẹ́ ló ń ti ara wọn lẹ́nu àmù, tẹlifíṣọ̀n wa náà sì wà láàrin wọn pẹ̀lú ife rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wáyà so tirẹ̀ mọ́ àpótí oníwo ti fa omi tirẹ̀ wọ inú ilé, àmù á wà níta fún ẹni tó ń kọjá. Ìyẹn yé mi kíá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára páálí ni, ǹ bá ti tà á fún ìdajì abúlé yìí.

Wàhálà kan ló kù. Àpótí oníwo wà ní yàrá àlejò, tẹlifíṣọ̀n wà lọ́dọ̀ mi, ògiri tó wà láàrin wọn sì jẹ́ èyí tí bàbá bàbá rẹ fi bíríkì alámọ̀ mọ, ó nípọn bí ìbú àyà ọkùnrin. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni irin tó lè lu irú ògiri bẹ́ẹ̀ wà, Shazli. Mo jókòó rò ó. Mo wo àwo òfìfo yẹn. Mo dìde, mo yan búrẹ́dì, mo fi wàràkàṣì àtọdúnmọ́dún wa sí i, èyí tó ń ta ahọ́n, mo gbé e lọ. Mo ní mi ò wá bẹ ẹnikẹ́ni, àwo ni mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Shazli ní òun ò mọ̀ bóyá òun lè gbà á, kí n lọ béèrè lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n ná. Nagat gba àwo náà lọ́wọ́ mi kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì ní wàràkàṣì ọdún yìí ta ju ti èṣí. Ibẹ̀ ni ìjà parí sí. Shazli gbé irin rẹ̀, ó tẹ̀lé mi, ó ń kùn ní gbogbo ọ̀nà.

Ó lu ògiri náà títí eruku fi bo gbogbo wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ fa wáyà já sí yàrá mi, wọ́n so ó, gbogbo wa jókòó: èmi, Dawlat, Shazli, Nagat àti àwọn ọmọ wọn. Mo ní kí àwọn ọmọ náà tan fóònù wọn, kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù wọn, nítorí mo fẹ́ kí ìdánwò náà le. A tẹ̀ ẹ́. Ó kọ aládùúgbò mi ń kó ẹrù fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wa yíjú wo Shazli, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí a rí i pé kò gbé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà àgọ́ yọ, ó sì ń lọ geere bí òróró. Mo kìlọ̀ fún Shazli pé bó bá rí ara rẹ̀ kó di ẹnu mú. Bàbá rẹ dìde. Ó tún láwàní rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kó bá ìyàwó sọ̀rọ̀.

Rifaat, kò wo kámẹ́rà. Ó yíjú sí apá ibi tí àwọn alásè wà, ó béèrè bóyá ìyá ìyàwó ti jẹun. Ó ní obìnrin yẹn ti wà nídìí iná láti àná, ó ń bọ́ gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òun, kí wọ́n fi búrẹ́dì gbígbóná bò ó, kí ẹnì kan gbé e gòkè lọ bá mi, kí wọ́n má sì dárúkọ òun, torí màá ní ó ń dójú tì mí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní ẹ jẹun o, ilé yín nìyí. Ó jókòó. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rántí àwo yẹn. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn òrùlé, ẹsẹ̀ mi ti wú, èéfín ti ba ojú mi jẹ́, mo ń sunkún díẹ̀ nítorí Kawthar, ẹnì kan sì ti àwo gbígbóná bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Mo béèrè pé ta ló ní kí wọ́n gbé e wá. Dawlat tó dúró lókè mi ní kí n máa jẹ, kí n yéé béèrè. Mo gbà pé òun ni. Láti ìgbà náà, bí a bá ti pa pẹ́pẹ́yẹ lọ́dún, èyí tó sanra jù ni mo ń gbé fún Dawlat nítorí àwo yẹn. Mo yíjú wò ó. Ó ń wo àjà. Ó ní òun ò sọ ọ́ rí pé òun ni. Òtítọ́ ni, kò sọ ọ́ rí, pẹ́pẹ́yẹ ló kàn ń jẹ.

Inú bí mi sí bàbá rẹ, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọdún la tún fi jọ gbé lẹ́yìn ìgbà náà tí mò ń jà, tí mò ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń rí iṣẹ́ mi nínú ilé yìí, ó jókòó níbẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń gbọ́ mi, kò sì la ẹnu rẹ̀ sọ pé òun rí i. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Nagat ń sunkún, Shazli nu ojú ó ní eruku ògiri ni. Mo dá a padà sẹ́yìn, a tún gbọ́ ọ. Mo tún dá a padà. Ó ń béèrè mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì dúró, kò ta kókó, ohùn rẹ̀ ń jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó kù ti lọ sílé wọn tán, mo ṣì ń dá a padà.

Nítorí náà, oníwáyà ni mo mú. Mo ti di ìka àti búrẹ́dì padà sínú páálí wọn, awakọ̀ ń gbé wọn bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé a kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ìwà ni kò bára mu. Kó má sì ṣe gba ojú ológbò yẹn fún tèmi. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè àmù ṣì wà níbẹ̀, mo tún fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ dáadáa nítorí ìrì fẹ́ pa á rẹ́.

Nípa ti owó, èmi kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra sìmẹ́ǹtì dí etí ihò tí Shazli lù, ó lù ú tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù lè yọ orí níbẹ̀. Fi ti ṣúgà àti tíì kún un. Kí o sì fi kún un kí n lè ra ẹ̀dọ̀, mo fẹ́ sè é lórúkọ bàbá rẹ, kí n gbé e pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù fún ẹni tó bá ń kọjá. Dawlat náà lè kọjá.

Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ, kó bù kún ojú rẹ tó ń wo ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ṣe gbọ́ tèmi lọ. Bí ẹ bá jókòó sídìí oúnjẹ lálẹ́ òní, bi ìyàwó rẹ bóyá ó ti jẹun. Má ṣe ránṣẹ́ sí i, má ṣe bi alásè, fi ẹnu ara rẹ bi í kó gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti jẹun.